Agbẹjọ́ Ẹnìkan Dá: Ọ̀rọ̀ Lórí Ráútà Méjì Tí Kò Gbà Láti Ṣe Aládùúgbò

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Àkúrẹ́, lówùúrọ̀ Sátidé kan tí òjò ti rọ̀ láti òru mọ́jú. Àwọn kan nínú wọn ní kí n kọ ọ́ síbi tí àwọn á ti lè tún un kà. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níjokòó, mo júbà. Alága wa, mo kí yín. Ẹ̀yin ọ̀gá tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ FUTA tí mo rí lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú ojú òjò. Mo mọ̀ pé àwọn tó gba ọ̀nà Òdà wá ti rí ẹrẹ̀ lónìí. Àkúrẹ́ Olóyèmẹkùn á gbè wá o. (Àwùjọ dáhùn: "Àṣẹ!")

Ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn. Mo wọlé, mo kí yín, ẹ dá mi lóhùn. Ká ní mo kí yín tí gbogbo ilé pa lọ́lọ́ ńkọ́? Ṣé màá kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lọ? Rárá. Màá kọ́kọ́ bi ara mi pé: ṣé wọn ò gbọ́ mi ni? Àbí wọ́n gbọ́, ohun tí mo sọ ni kò tẹ́ wọn lọ́rùn? Àbí wọ́n tilẹ̀ dáhùn, etí tèmi ni kò gbọ́? Ẹ fi ìbéèrè mẹ́ta yẹn sọ́kàn. Orí wọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé.

Àdúgbò ló ń sọni di aládùúgbò

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìdí. Ráútà ni ẹ̀rọ tó ń júwe ọ̀nà fún ìsọfúnni. Bí ọ́fíìsì kan bá wà ní Alágbàká níbí, tí èkejì wà ní Ọ̀wọ̀, tí ẹ̀kẹta wà ní Oǹdó, ráútà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tó já sọ́dọ̀ àwọn yòókù. Ẹ lè jókòó kí ẹ fọwọ́ kọ gbogbo ọ̀nà náà sínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta, ó ṣeé ṣe. Bí wọ́n bá di ọgbọ̀n ńkọ́? Bí wáyà kan bá já láago méjì òru, ta ni yóò dìde láti lọ kọ ọ̀nà tuntun?

Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ṣe ètò tí àwọn ráútà fi ń sọ ọ̀nà fún ara wọn. Ọ̀kan nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ ni OSPF. IETF, ìyẹn àjọ àwọn tó ń kọ ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1989. John Moy ló kọ ìwé ìlànà rẹ̀, èyí tí a ṣì ń lò títí dòní ni RFC 2328, ti oṣù April 1998. Ìṣirò tó fi ń mọ ọ̀nà tó kúrú jù jẹ́ ti Edsger Dijkstra, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1959. Ètò náà kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kankan, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ráútà ilé iṣẹ́ Cisco fi lè bá ti MikroTik sọ̀rọ̀, tí ti Juniper náà á sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ráútà kì í gba ọ̀rọ̀ ọ̀nà lẹ́nu àjèjì. Kí ó tó gbà á, ẹni tó sọ ọ́ gbọ́dọ̀ ti di aládùúgbò rẹ̀. Èdè Yorùbá sì ti ràn wá lọ́wọ́ níbí ju bí a ṣe rò lọ. Kí ni aládùúgbò? Ẹni tó ni àdúgbò kan náà pẹ̀lú rẹ ni. OSPF pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí àdúgbò-àdúgbò, ohun tó ń pè ní area, ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Bí ojú wáyà kan bá wà ní area 0 lápá ọ̀dọ̀ tèmi, tí ó wà ní area 1 lápá ọ̀dọ̀ tìrẹ, a ò lè di aládùúgbò láéláé, ìbáà jẹ́ pé wáyà tó so wá pọ̀ kò gùn ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ.

Ìkíni

Báwo ni ráútà ṣe ń di aládùúgbò ráútà? Nípa ìkíni ni. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ wa ni! Orúkọ iṣẹ́ tó ń rán ni Hello. Lórí Ethernet, irú wáyà tó wọ́pọ̀ jù ní ọ́fíìsì, ó ń kí ní ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 10. Kì í dárúkọ ẹnì kan pàtó, àdírẹ́ẹ̀sì 224.0.0.5 ló ń kí sí, ibẹ̀ sì ni gbogbo ráútà tó ń sọ OSPF lórí ojú wáyà yẹn ń tẹ́tí sí. Bí ẹ̀ẹ̀mẹrin bá kọjá tí kò gbọ́ ìkíni ẹnì kejì, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 40, ó gbà pé onítọ̀hún ti kú, ó sì pa á rẹ́ nínú ìwé rẹ̀.

Kí ló wà nínú ìkíni náà? Orúkọ ẹni tó ń kí wà níbẹ̀, èyí tí à ń pè ní Router ID. Nọ́ńbà area wà níbẹ̀. Iye ìṣẹ́jú àáyá tó fi ń kí, tí à ń pè ní Hello, àti èyí tó fi ń dúró, tí à ń pè ní Dead, wà níbẹ̀. Subnet mask, tó ń sọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ojú wáyà náà ṣe tóbi tó, wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣínà wà níbẹ̀ bí wọ́n bá fi sí i. Àmì kan tún wà níbẹ̀ tó ń sọ bóyá area náà jẹ́ stub, èyí tí kì í gba ọ̀nà tó wá láti òde OSPF, tàbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí Router ID, tí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dá yàtọ̀, bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí kò bá bára mu, ìkíni náà kò wọlé. (Lórí ojú wáyà tí wọ́n fi sí ipò point-to-point, ìyẹn ti ráútà méjì péré, wọn kì í wo subnet mask.) Ẹni tó gbọ́ ọ kò sì ní sọ fún ọ pé inú òun ò dùn. Yóò kàn sọ ìkíni rẹ nù ni. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ń mú kí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa sunkún lóru.

Nǹkan kan ló kù nínú ìkíni náà, òun sì ni mo fẹ́ràn jù. Ráútà ń to orúkọ gbogbo àwọn tí òun ti gbọ́ ìkíni wọn sínú ìkíni tirẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó. Mo jí lówùúrọ̀, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ké pé, "Ẹ káàárọ̀ o! Èmi Bàbá Táíwò ni o, mo ti gbọ́ ohùn Ìyá Bọ̀sẹ̀, mo ti gbọ́ ohùn Bàbá Kẹ́mi." Bí Ìyá Bọ̀sẹ̀ bá gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu mi, ó mọ ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà: pé òun ń gbọ́ mi, àti pé mo ń gbọ́ òun. Ìgbà náà ni wọ́n máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ ti di 2-Way. Bó bá ń gbọ́ mi ṣùgbọ́n tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀, Init ló wà, ó mọ̀ pé ohùn òun kò dé ọ̀dọ̀ mi.

Lẹ́yìn 2-Way ni ExStart, níbi tí wọ́n ti ń yan ẹni tí yóò ṣíwájú nínú ọ̀rọ̀. Ẹni tí Router ID rẹ̀ pọ̀ jù ló ń ṣíwájú. Lẹ́yìn ìyẹn ni Exchange: wọ́n ń fi àkọsílẹ̀ ọ̀nà tí wọ́n mọ̀ han ara wọn ní ṣókí. Lẹ́yìn ìyẹn ni Loading: "Èyí tí o kọ síbí yẹn, èmi ò ní in, fún mi." Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, ó di Full. 

Àwọn àgbà ní, ibi tí a ti kọsẹ̀ ni ká wò, ká má wo ibi tí a ṣubú sí. Ipò tí aládùúgbò dúró sí ni ibi tó ti kọsẹ̀. Ẹni tó bá pè mí tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, OSPF ò ṣiṣẹ́," ohun tí màá kọ́kọ́ bi í ni pé: ipò wo ló wà? Tó bá ní òun ò tíì wò ó, màá ní kó lọ wò ó kó tó tún pè mí. Kì í ṣe ìkanra. Ìdajì iṣẹ́ náà wà nínú ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ni. Lórí Cisco, "show ip ospf neighbor" ni ẹ máa tẹ̀. Lórí MikroTik, "/routing ospf neighbor print" ni.

Ìrìn-àjò mi sí Òkìtìpupa

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín tó ń dùn mí títí dòní.

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ń bá ilé iṣẹ́ kan ṣiṣẹ́ níbí. Wọ́n ní ẹ̀ka kan ní Òkìtìpupa. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, ẹ̀ka náà pòórá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo wo ráútà wa ní Àkúrẹ́, mo tẹ "show ip ospf neighbor", kò sí ohunkóhun níbẹ̀. Mo ní, "Háà, ráútà Òkìtìpupa ti bàjẹ́." Ẹ ò rí ìdájọ́ yẹn? N kò gbọ́ tẹnu ẹnì kejì, mo ti dá ẹjọ́.

Mo kó àpò, mo gbé ráútà tuntun kan dání, mo wọ mọ́tò. Àkúrẹ́ sí Oǹdó, Oǹdó sí Orè, Orè sí Òkìtìpupa. Òjò ń rọ̀. Ẹ̀yin tó mọ ojú ọ̀nà yẹn, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ. Nígbà tí mo débẹ̀, ọ̀sán ti pọ́n. Mo so kọ̀ǹpútà mi mọ́ ráútà náà. Gbogbo iná rẹ̀ ń tàn. Mo tan "debug ip ospf hello", àṣẹ tó ń fi ìkíni hàn bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Mo rí i tó ń kí. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ó kí. Mẹ́wàá mìíràn, ó tún kí. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ẹ̀rọ náà kò jẹ̀bi rárá, ó ń ké sí Àkúrẹ́ láti àárọ̀, Àkúrẹ́ ló kọtí ikún.

Mo pe ẹnì kejì mi ní ọ́fíìsì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ show ip ospf interface lórí tiwa." Ó tẹ̀ ẹ́, ó sì kà á fún mi lórí fóònù: "No Hellos (Passive interface)." Ó wá rántí. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, òun ló ń tún ààbò ráútà wa ṣe, ó fi "passive-interface default" sí i, àṣẹ tó ń dá ìkíni dúró lórí gbogbo ojú wáyà, kó má baà máa kí àwọn kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ lásán. Ohun tó dára ló ṣe, ṣùgbọ́n kò yọ ojú tó kọjú sí Òkìtìpupa sílẹ̀. Ìlà kan péré ló fi tún un ṣe, kí n tó parí ọ̀rọ̀ lórí fóònù, Full ti dé.

Mo jókòó sórí àga ní Òkìtìpupa, n kò lè sọ̀rọ̀. Gbogbo ọjọ́ kan ti lọ. Ara tèmi gan-an ni ọgbẹ́ náà wà, mo lọ ń wá a lára ẹlòmíràn.

Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìwà aládùúgbò kì í wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ráútà méjì ló wà nínú ẹjọ́ náà, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì. Ẹnì kan á sì bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n, bí OSPF bá ti kú, báwo la ṣe máa wọ inú ráútà tó wà lọ́nà jíjìn?" Ìbéèrè gidi ni. Ohun tí n kò mọ̀ lọ́jọ́ yẹn nìyí: OSPF ló kú, wáyà kò kú. Kọ̀ǹpútà mi ní Àkúrẹ́ kò mọ ọ̀nà Òkìtìpupa mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ráútà Àkúrẹ́ fúnra rẹ̀ àti ráútà Òkìtìpupa jọ wà lójú wáyà kan náà. Bí mo bá kọ́kọ́ wọ inú ráútà Àkúrẹ́, tí mo wá ti ibẹ̀ gba SSH, ètò tí a fi ń wọ inú ẹ̀rọ láti òkèèrè, lọ sí àdírẹ́ẹ̀sì tó wà ní òdìkejì wáyà, mo ti débẹ̀ láìkúrò lórí àga mi. Ẹ fi ìyẹn pamọ́. Yóò gbà yín lọ́wọ́ ọ̀nà Orè.

Nígbà tí kò sí ohunkóhun, àti nígbà tó dúró sí Init

N kò ní pẹ́ níbí, torí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wà nínú ohun tí mo sọ. Bí ẹ kò bá rí aládùúgbò rárá, ẹ wò ó bóyá ojú wáyà náà wà láàyè, bóyá ping, iṣẹ́ kékeré tí a fi ń dán ọ̀nà wò, ń lọ, bóyá OSPF tilẹ̀ wà lórí ojú wáyà náà, bóyá kì í ṣe passive. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi ìkíni méjèèjì wé ara wọn: area, ìṣẹ́jú, mask, ọ̀rọ̀ aṣínà. Lórí Cisco, debug á fi hàn yín báyìí: "Dead R 40 C 4, Hello R 10 C 1". R ni ohun tí ó gbà láti òdìkejì, C ni ohun tí ẹ kọ sí tiyín. Ẹnì kan ti yí ìṣẹ́jú padà lápá kan kó lè máa yára, kò sì sọ fún ẹnì kejì. Ẹ rántí pé bí ẹ bá yí Hello lórí Cisco, Dead fúnra rẹ̀ á yí sí ìlọ́po mẹ́rin. Bí ó bá jẹ́ MD5 ni ẹ fi ṣe ààbò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà nìkan ló gbọ́dọ̀ bára mu, nọ́ńbà kọ́kọ́rọ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan.

Àwọn kan sì máa ń da ètò ráútà kan kọ sínú òmíràn láti fi dín iṣẹ́ kù, wọ́n á wá gbàgbé láti pààrọ̀ Router ID. Ẹni méjì ń jẹ́ orúkọ kan náà nínú ilé kan. Wọn kò ní di aládùúgbò. Cisco á kọ ọ́ sínú log, ìyẹn ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ rẹ̀: "DUP_RTRID_NBR". Ẹ máa ka log, ẹ jọ̀ọ́.

Ti Init ńkọ́? Mo ti sọ ọ́: mo ń gbọ́ ọ, ìwọ ò gbọ́ mi. Nítorí náà, ẹ lọ wo apá ẹni tí kò gbọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, firewall tàbí access-list, ìyẹn òfin tó ń dí àwọn iṣẹ́ kan lọ́nà, ló dí etí rẹ̀. Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni pé ẹni tó kọ firewall ń wá port, ìyẹn nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí TCP àti UDP, àwọn ètò tó ń gbé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, máa ń lò. Ó ń béèrè pé, "OSPF ń lo port wo?" OSPF kò lo port kankan. Kì í gun ẹ̀yìn TCP, kì í gun ẹ̀yìn UDP. Nọ́ńbà tirẹ̀ wà gedegbe nínú IP, 89 ni. Ẹ ṣí protocol 89 sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí 224.0.0.5 kọjá, àti 224.0.0.6, àdírẹ́ẹ̀sì alága àti igbákejì tí màá sọ̀rọ̀ wọn láìpẹ́.

Ẹnu ọ̀nà tó há

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ síbí, torí ibí ló ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn.

A ní ìsopọ̀ kan tó ń ti Àkúrẹ́ lọ sí Ìdànrè, rédíò ló ń gbé e. Ẹ̀yin tó ti gun òkè Ìdànrè mọ bí àpáta ibẹ̀ ṣe rí, kò rọrùn láti rí ibi tí rédíò méjì á ti máa wojú ara wọn. Nígbà tí a wá rí ibẹ̀, inú wa dùn. Ping ń lọ, ping ń bọ̀. Hello ń lọ, Hello ń bọ̀. Ṣùgbọ́n aládùúgbò náà dúró sí ExStart. Ó di Exchange fún ìgbà díẹ̀, ó padà sẹ́yìn, ó tún bẹ̀rẹ̀. Odindi ọjọ́ méjì. A sọ rédíò kalẹ̀, a tún gbé e gùn. A pààrọ̀ wáyà. A fẹ̀sùn kan òjò, a fẹ̀sùn kan àpáta.

Ẹ rò ó wò. Kí ló lè jẹ́ kí ẹni méjì máa kí ara wọn dáadáa, kí wọ́n má wá lè fún ara wọn lẹ́rù? Ìkíni kì í wúwo, ọ̀rọ̀ ẹnu ni, ojú fèrèsé náà lè gbà á. Àmọ́ àpò gàrí kò gba ojú fèrèsé. Ẹnu ọ̀nà ló ń gbà.

Bí ẹnu ọ̀nà ráútà ṣe fẹ̀ tó ni à ń pè ní MTU. Lórí Ethernet, báìtì 1500 ló sábà máa ń jẹ́. Nígbà tí àwọn ráútà bá dé ExStart, wọ́n máa ń kọ MTU wọn sínú iṣẹ́ tí wọ́n ń rán sí ara wọn. Ìlànà RFC 2328 sọ pé bí ráútà bá rí i pé iye tí òdìkejì kọ ju tòun lọ, kó má gba iṣẹ́ náà. Ó ń dáàbò bo ara rẹ̀ ni: "Ẹrù tí o máa dì wá, kò ní gba ẹnu ọ̀nà mi." Nígbà tí a wá wo àwọn méjèèjì pọ̀ nígbẹ̀yìn, mo ní àwọn méjèèjì pọ̀ o, 1500 ló wà ní Àkúrẹ́, 1400 ló wà ní Ìdànrè. Ẹnì kan ti dín in kù nígbà kan rí nítorí tunnel kan, ìyẹn ọ̀nà tí a là sínú ọ̀nà mìíràn, tí wọn kò lò mọ́. A dá a padà sí 1500. Kí n tó mí èémí kan, Full.

Ọjọ́ méjì! Kò gbà ju kí a gbé ojú ìwé méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lọ.

Àìsàn kan tún wà tó jọ èyí, tó sì burú jù ú lọ. Ráútà méjèèjì lè kọ 1500, kí wọ́n gbà fún ara wọn, ṣùgbọ́n kí ohun tó wà láàárín wọn má lè gbé 1500: rédíò kan, tunnel kan, tàbí ìsopọ̀ tí ẹ ń yá lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ mìíràn. Iṣẹ́ kékeré á máa kọjá, iṣẹ́ ńlá á máa sọnù láàárín ọ̀nà láìsí ìró. Ẹ ò lè fi ping lásán mọ èyí. Ẹ fi ping tó wúwo dán an wò, kí ẹ sì ní kí wọ́n má ṣe gé e sí wẹ́wẹ́. Lórí Linux, "ping -M do -s 1472". Lórí Windows, "ping -f -l 1472". Kí nìdí tó fi jẹ́ 1472? Nítorí IP àti ICMP á fi 28 tiwọn kún un, yóò sì jẹ́ 1500 gẹ́lẹ́. Bí èyí kò bá kọjá, ẹ ti rí àrùn náà.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ níwájú níbí pé, "mtu-ignore." Àṣẹ kan wà bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ lórí Cisco, "ip ospf mtu-ignore", ó ń sọ fún ráútà pé kó má wo iye náà mọ́. Mo ti lò ó rí, mo sì kábàámọ̀. Aládùúgbò á di Full, gbogbo ènìyàn á pàtẹ́wọ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan àwọn òṣìṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé fáìlì ńlá kì í lọ. Bí ẹnu ọ̀nà bá há, ẹ fẹ̀ ẹ́. Ẹ má ya ẹnu ọ̀nà ńlá sára ògiri.

Èyí tí kì í ṣe àìsàn

Ọmọ iṣẹ́ mi kan pè mí láago mọ́kànlá alẹ́. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, méjì di Full, ṣùgbọ́n àwọn yòókù dúró sí 2-Way láti ìrọ̀lẹ́, mo ti tún wọn tàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta." Mo ní, "Ráútà mélòó ló wà lórí switch yẹn?" (Switch ni ẹ̀rọ tó ń so ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ pọ̀ sójú kan.) Ó ní márùn-ún. Mo ní, "Lọ sùn, ọmọ mi. Ara wọn le."

Ẹ̀yin tí ẹ ti bá wọn ṣe ìpàdé lándílọ́ọ̀dù rí, ọ̀rọ̀ yìí á yé yín. Bí gbogbo onílé bá ní kí òun máa lọ ojúlé-ojúlé láti sọ ọ̀rọ̀ fún gbogbo onílé yòókù, ìgbà wo ni ilẹ̀ máa ṣú? Wọ́n yan alága, wọ́n yan igbákejì, gbogbo ènìyàn ń kó ọ̀rọ̀ wá sọ́dọ̀ àwọn méjì yẹn. OSPF ń pe alága ní DR, ó ń pe igbákejì ní BDR. Bí ráútà mẹ́wàá bá wà lórí switch kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kó bá gbogbo wọn di Full, ìsopọ̀ 45 ni. Pẹ̀lú alága àti igbákejì, 17 péré ni. Àwọn tí kì í ṣe alága, tí wọn kì í ṣe igbákejì, 2-Way ni wọ́n á wà sí ara wọn títí ayé. Wọ́n ń kí ara wọn, wọn kì í kó ẹjọ́ lọ bá ara wọn, ó tán.

Ẹ tún mọ̀ pé wọn kì í gba ipò lọ́wọ́ alága tó bá ti jókòó. Bí ẹ bá gbé ráútà tó lágbára jù wá lónìí, tí priority rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń yan alága, ga, kò ní di DR níwọ̀n ìgbà tí DR tó wà níbẹ̀ bá ṣì wà. Ìgbà kan ṣoṣo tí 2-Way jẹ́ àìsàn ni ìgbà tí gbogbo wọn wà bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò di Full. Ẹ lọ wo priority. Bí ẹnì kan bá ti fi 0 sí gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó lè ṣe alága, ìlú kò ní olórí.

Full tí kò mú ọ̀nà wá

Èyí ló kẹ́yìn nínú àwọn ìtàn mi, òun ló sì ń tan àgbà jẹ. Ẹ wò ó, Full ni. Láti àná, Full. Ẹ wá wo àtẹ ọ̀nà, kò sí ọ̀nà kankan láti òdìkejì. Báwo nìyẹn ṣe lè rí bẹ́ẹ̀?

Lápá kan, wọ́n fi ojú wáyà náà sí broadcast. Lápá kejì, wọ́n fi sí point-to-point. Hello 10, Dead 40 ni lápá méjèèjì, nítorí náà ìkíni bára mu, ọ̀rọ̀ dé Full. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ń rí ìpàdé tó ní alága, ẹnì kejì ń rí àwa méjì péré. Àwòrán ìlú tí wọ́n ń yà kò jọra, ìṣirò Dijkstra kò sì lè so wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá tẹ "show ip ospf database router" lórí Cisco, ẹ máa rí i pé ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Adv Router is not-reachable". Ẹni tó bá wo apá kan ṣoṣo kò ní rí nǹkan kan tó burú. Ètò kọ̀ọ̀kan dára láàyè ara rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá tẹ "show ip ospf interface" lápá méjèèjì, tí ẹ ka ìlà Network Type sí ara wọn létí, ni ọ̀rọ̀ á yé yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan sí i nípa èyí tó ń di Full tó tún ń ṣubú, tó ń dìde tó ń ṣubú bí ẹni tí gìrì ń gbé. Ẹ má tíì fọwọ́ kan OSPF. Ẹ ka ìdí rẹ̀ nínú log. Bó bá kọ "Interface down or detached", wáyà tàbí iná ni, ẹ lọ wo ẹ̀rọ ìpamọ́ iná àti ojú ibi tí ẹ so wáyà sí. Bó bá kọ "Dead timer expired", ojú wáyà wà láàyè ṣùgbọ́n ìkíni ń sọnù lọ́nà. Òjò ń ba rédíò jẹ́ ni, tàbí ẹrù ti pọ̀ jù lórí ìsopọ̀ náà. Mo ti rí ẹni tó sọ Hello di ìṣẹ́jú àáyá 1 lórí rédíò tí òjò ń dà láàmú. Ó fẹ́ kó yára. Ńṣe ló wá ń kú ní gbogbo ìgbà tí ìkùukùu bá ṣú.

Ó ti tó wákàtí kan tí mo ti ń sọ̀rọ̀, alága ti ń wo aago. Lẹ́yìn yín níbẹ̀, mo ti to ráútà mẹ́jọ sórí tábìlì, méjì-méjì, mo sì ti fi àìsàn kan sínú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan lóru àná. Ẹ pín ara yín sí ẹni méjì-méjì. Kí ẹnì kan jókòó ti ráútà ọ̀tún, kí ẹnì kejì jókòó ti ọ̀sì, kí ẹ máa ka ohun tí ẹ bá rí sí ara yín létí. Àwọn tó wà nídìí tábìlì tó sún mọ́ fèrèsé, tiyín ló le jù, mo ti ń tọrọ àforíjì. Ẹ gbé àga yín, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.